Wọ́n tìlú nígbà tí àrùn kéré, wọ́n ṣí i nígbà tó pọ̀: àlàyé lórí bí òfin kónílé-ó-gbélé ọdún 2020 ṣe dẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti Àbújá, ènìyàn 131 péré ni NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, ti kà pé ó ní àrùn kòrónà ní gbogbo Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú òfin náà, iye yẹn ti lé ní 2,500. Àrùn ti di ìlọ́po bíi ogún, ìgbà náà gan-an ni wọ́n ní ká máa jáde. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ náà kò yé òun kò jẹ̀bi. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti ń lọ: àwọn kan ní kò sí àrùn kankan, ìjọba kàn fẹ́ fi jẹun ni, àwọn kan ní wọ́n yára ṣí ìlú jù, àwọn mìíràn ní wọn ì bá má tì í rárá. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ awuyewuye yìí, ohun tí mo sì rí ni pé ìdáhùn sí ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ń jà ń mú wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí títì ìlú ń ṣe. Kónílé-ó-gbélé kì í pa àrùn, kì í sì í wo ẹni tó ti kó o sàn. Ó kàn ń dín bí ènìyàn ṣe ń pàdé ara wọn kù, kí ẹni tó ti ní kòkòrò náà lára má baà rí èrò tó máa kó o ràn ni. Iye kan wà tí àwọn onímọ̀ máa ń wò, R ni wọ́n ń pè é. Tí alárùn kan bá ń kó o ran ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀ kòrónà kí ẹnikẹ́ni tó ṣọ́ra, àrùn á máa ràn bí iná inú oko lọ́yẹ́. Tí kò bá ran tó ẹyọ ẹnì kan, á máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo òfin tí ẹ gbọ́ nígbà náà, ìbòmú o, ọwọ́ fífọ̀ o, títa kété síra ẹni o, iye yẹn ni wọ́n ń lé kó wá sílẹ̀.

Ìdí tí òfin náà fi kọ́kọ́ jẹ́ ọjọ́ 14 kò ṣòro. Kòkòrò yìí lè wà lára ènìyàn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́rìnlá kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Tí gbogbo ènìyàn bá jókòó sílé fún ọjọ́ 14, àwọn tó ti kó o tẹ́lẹ̀ á ti hàn. Ọjọ́ 14 kejì, tí Ààrẹ Buhari kéde ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin, á mú àwọn tí wọ́n kó o ràn nínú ilé jáde. Lórí ìwé nìyẹn. Ẹni tó bá mọ fésì-mí-n-fésì-ẹ, ilé oníyàrá ẹyọ kan tí ènìyàn mẹ́jọ ń sùn sí, tí àwọn mìíràn tún ń pín ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná lò, á ti mọ̀ pé orí ìwé ló ti rọrùn jù.

Láti ibẹ̀ la ti lè lóye 131 àti 2,500 yẹn. Iye tí wọ́n ń kà lónìí, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní bíi ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló ń fi hàn. Ọkùnrin ará Ítálì tó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́, ọjọ́ 27 oṣù Kejì ni àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní in, ó sì ti gba Èkó dé Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Yábàá. Ó lé ní oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n tó ti ìlú. Ní gbogbo àkókò yẹn ni ọkọ̀ òfuurufú ń já èrò sílẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù àti ibòmíràn, títí di ọjọ́ 23 oṣù Kẹta tí wọ́n ti pápákọ̀ òfuurufú Èkó àti Àbújá fún ọkọ̀ òkè òkun. Nítorí náà, àwọn tí wọ́n rí ni 131. Ìba àwọn tó ti ní in kọ́ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣí ìlú, iye tí wọ́n kà ti pọ̀ nítorí pé àrùn ti tàn, àti nítorí pé wọ́n ti ń yẹ ènìyàn púpọ̀ sí i wò. Síbẹ̀, nínú orílẹ̀-èdè tó ní bíi mílíọ̀nù 200 ènìyàn, àwọn tí wọ́n ti yẹ̀ wò kò tó 25,000 ní ọjọ́ yẹn.

Àkókò tí wọ́n fi tì wá mọ́lé wá ńkọ́? Àkókò ìmúrasílẹ̀ ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe. Ní Èkó, wọ́n sọ pápá ìṣeré Oníkàn di ibi ìtọ́jú aláìsàn. Àwọn ibi ìyẹ̀wò tó jẹ́ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹ má gbàgbé pé Ẹdẹ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ibùdó ìwádìí ACEGID ní Yunifásítì Redeemer's wà, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tú àbùdá kòkòrò náà ní oṣù Kẹta ọdún 2020, àwọn ló sì kọ́kọ́ ṣe é ní gbogbo Áfíríkà. Ìmọ̀ wà. Irinṣẹ́ àyẹ̀wò, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn àti bẹ́ẹ̀dì ni kò tó.

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, pe àwọn ènìyàn lórí fóònù láti mọ bí nǹkan ṣe rí. Ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ kí àrùn tó dé ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún ilé ló ní owó tó ń wọlé fún àwọn ti dínkù. Ẹni tó ń gbowó oṣù lè jókòó sílé kó máa fi kọ̀ǹpútà ṣèpàdé. Ẹni tó ń ta bọ̀ọ̀lì létí títì, kọ́ńdọ́ tó ń jẹ lára owó ọjọ́, télọ̀, onídìrí, birikilà, ohun tí wọ́n bá rí lónìí ni wọ́n máa jẹ lónìí. Àwọn mọ̀lẹ́bí wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ká jókòó sílé, ká má pa ara wa. Ìfẹ́ ni, àmọ́ ìjọba ibẹ̀ ń san ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù fún ẹni tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní kó lọ jókòó ná. Ìrẹsì díẹ̀ àti búrẹ́dì ni wọ́n ń pín níhìn-ín, ọ̀pọ̀ àdúgbò kò sì rí i.

Ebi yẹn ló bí òru àìsùn. Ní oṣù Kẹrin, àwọn ọmọ ìta tó ń pe ara wọn ní Awawa àti One Million Boys dà sí àwọn àdúgbò kan ní Èkó àti ní ẹnu ààlà Ògùn, débi pé àwọn onílé ń dáná sun táyà lójú títì, tí wọ́n fi àdá àti pátákó ṣọ́ ilé di ìdájí. Ẹ ò rí i pé òfin tó ní ká má kó jọ ló tún kó gbogbo ọkùnrin àdúgbò jọ lóru! Àwọn agbófinró náà tún wá dá kún un. Àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, NHRC, sọ ní àárín oṣù Kẹrin pé ènìyàn 18 ni àwọn agbófinró ti pa nídìí mímú òfin náà ṣẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Lákòókò yẹn, àwọn tí wọ́n kà pé kòrónà pa ní Nàìjíríà kò tó bẹ́ẹ̀.

Ọjà náà ní tirẹ̀. Èkó ní kí àwọn ọjà oúnjẹ máa ná lọ́jọ́ kan, kí wọ́n sinmi lọ́jọ́ kejì, láti aago 10 òwúrọ̀ sí aago 2 ọ̀sán. Èrò wọn ni pé á dín èrò kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ní wákàtí mẹ́rin péré láti ra ata, ẹja àti gàrí, ìgbà náà gan-an ni èrò máa ń fún pọ̀ jù. Kò sí ẹni tó nílò ìwé ẹ̀rí kankan kó tó mọ èyí. Ká ní wọ́n bi ìyálọ́jà léèrè ni, á ti sọ fún wọn.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ni Buhari wá kéde pé ìdẹ̀rọ̀ ń bọ̀. Ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ló kọ́kọ́ dárúkọ, wọ́n tún wá sún un sí ọjọ́ 4. Nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sọ ọ́ gbangba pé títì ìlú ti ná ọrọ̀ ajé ní ohun púpọ̀, pé ọ̀pọ̀ ti pàdánù ọ̀nà àtijẹ wọn. Kò sọ pé àrùn ti lọ. Lọ́jọ́ kan náà ló ní kí wọ́n ti Kánò pa fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí ikú ń pọ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà, NMA, ní ó ti yá jù. Tí a bá gbé e sórí ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, là sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin yẹn, àwọn dókítà jàre. Ohun mẹ́fà ni WHO ní kí orílẹ̀-èdè rí kó tó túlẹ̀. Àkọ́kọ́ nínú wọn ni pé kí ìtànkálẹ̀ àrùn ti wà níkàáwọ́. Èkejì ni pé kí ètò ìlera lè rí alárùn, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó yà á sọ́tọ̀, kó tọ́jú rẹ̀, kó sì wá gbogbo ẹni tó bá a pàdé kàn. A kò ì tíì dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin oṣù Karùn-ún.

Ibí ni kókó wà. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn. Ṣé àrùn ti dínkù? Rárá ni, òun sì ni dókítà ń dáhùn. Ṣé ilé ìwòsàn lè gba àwọn tó máa ṣàìsàn? Bóyá, tí kò bá jẹ́ pé gbogbo wọn dé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí ni kọmíṣọ́nnà ìlera ń rò. Ṣé ènìyàn ṣì lè fara dà á? Rárá o, ìdáhùn ọlọ́jà nìyẹn. Ìjọba fi ìbéèrè kẹta ṣí ìlú, àmọ́ ọ̀pọ̀ gbọ́ ọ bí ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi rò pé ẹ̀tàn ni. Lójú tèmi, ká ní wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ tààrà ni, pé àrùn ṣì wà nílẹ̀, a kò lágbára láti bọ́ yín nínú ilé, ẹ ṣọ́ra bí ẹ ṣe ń jáde, àwọn ènìyàn ì bá gbọ́ wọn sí.

Ẹ wo ọ̀nà tí aládùúgbò wa gbà. Ààrẹ Patrice Talon ti Bẹ̀nẹ̀ ti sọ láti òpin oṣù Kẹta pé orílẹ̀-èdè òun kò lówó láti sé gbogbo ènìyàn mọ́lé bí àwọn olówó ṣe ń ṣe. Ńṣe ló ní kí wọ́n sé ọ̀nà àwọn ìlú kan yíká, Kútọnu àti Àjàṣẹ́ wà nínú wọn, kí ẹnikẹ́ni má wọlé, kí ẹnikẹ́ni má jáde láìnídìí, àmọ́ kí àwọn tó wà nínú máa ṣiṣẹ́ wọn lọ. Ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ni wọ́n ṣí ọ̀nà náà. Gánà ti Àkrà àti Kumasi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì ṣí wọn ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin. Ní Ọ̀yọ́, Gómìnà Ṣèyí Mákindé, tí òun fúnra rẹ̀ kó àrùn náà tó sì bọ́, kò ti ìpínlẹ̀ rẹ̀ pa rárá. Ó fi òfin má-rìn-lóru láti aago 7 alẹ́ sí aago 6 òwúrọ̀ ṣe é, ó sì dí ẹnubodè.

Ìyàtọ̀ láàárín ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ yìí rú ọ̀pọ̀ lójú. Òfin tí Ààrẹ lò ti pẹ́ gan-an, ti ọdún 1926 ni, láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lórí yíya alárùn sọ́tọ̀. Èkó, Ògùn àti Àbújá nìkan ni ó fi tì. Àwọn gómìnà yòókù ló pinnu ti ìpínlẹ̀ wọn. Ògùn pàápàá bẹ̀ fún àyè díẹ̀ kí àwọn ènìyàn ra oúnjẹ sílé, ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ni tiwọn bẹ̀rẹ̀. Wọlé Ṣóyinká wà lára àwọn tó béèrè bóyá Ààrẹ tilẹ̀ ní agbára bẹ́ẹ̀ láìsí ogun, láìgba ọ̀rọ̀ kọjá lọ́dọ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Nítorí náà, ẹni tó bá gba Ìbàdàn lọ sí Èkó lè bá òfin mẹ́ta pàdé lójú ọ̀nà kan. Tó bá rí ọ̀nà gbà ni o, torí pé ìrìn àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn wà lábẹ́ òfin títí di ọjọ́ 1 oṣù Keje. Ọkọ̀ oúnjẹ nìkan ni wọ́n gbà láyè, ìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tírélà tí èrò sá pamọ́ sáàárín ẹrù.

Òfin má-rìn-lóru ti ìjọba àpapọ̀ náà ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Láti aago 8 alẹ́ sí aago 6 òwúrọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí ní oṣù Karùn-ún, ó di aago 10 sí aago 4 ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, ó wá di aago 12 sí aago 4 ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n ní, “Ṣé òru nìkan ni kòrónà ń rìn ni?” Kòkòrò kò mọ aago lóòótọ́. Ibi tí ènìyàn ń lọ lóru ni wọ́n ń lé: ilé ọtí, òde àríyá, ìṣọ́ òru, ilé ijó, níbi tí ilé ti há, tí ohùn ń lọ sókè, tí ènìyàn ń pẹ́. Òfin náà mọ́gbọ́n dání dé ìwọ̀n àyè kan. Aburú tó wà níbẹ̀ ni pé ní ìrọ̀lẹ́, bí aago mẹ́jọ bá ti ń súnmọ́, gbogbo Èkó á já sójú títì lẹ́ẹ̀kan náà, danfó tí wọ́n ní kó gbé ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún èrò rẹ̀ á sì wá kún dé ẹnu.

Èyí tó gbóná jù ni ti ilé ìjọsìn. Kí ló dé tí ọjà Balógun fi lè kún, tí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì fi wà ní títì? Ìdáhùn àwọn onímọ̀ ni pé wákàtí kan tàbí méjì nínú gbọ̀ngàn kan, pẹ̀lú orin àti àdúrà sókè, léwu ju kí ènìyàn kọjá níwájú àtẹ ní gbangba lọ. Ìtọ́ àti èémí tó ń jáde lẹ́nu ẹni tó ń kọrin pọ̀ ju ti ẹni tó dákẹ́, afẹ́fẹ́ inú ilé kò sì rí ibi gbé e lọ. Àwọn àgbàlagbà, tí àrùn náà ń pa jù, ló tún máa ń pọ̀ níbẹ̀. Àlàyé yẹn tọ̀nà. Síbẹ̀ àwọn olùjọsìn ní ọ̀rọ̀ tiwọn, torí inú ilé ìfowópamọ́ àti inú danfó kì í ṣe gbangba. Ìjọba Èkó wá dá kún ìdàrúdàpọ̀: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, Gómìnà Babajídé Sanwó-Olú ní mọ́ṣáláṣí á ṣí ní ọjọ́ 19, ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ 21, nígbà tó di ọjọ́ 16, ó ní ó di ìgbà kan ná. Ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ni wọ́n tó ṣí, pẹ̀lú ìdajì èrò. Ti iléèwé náà kò yàtọ̀. Ní oṣù Keje, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Adamu Adamu, ní àwọn ọmọ wa kò ní ṣe ìdánwò WAEC. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti yí i padà, àwọn ọmọ SS3 wọlé ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, ìdánwò sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17.

Ṣé ṣíṣí ìlú wá mú àrùn pọ̀ sí i? Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, iye tí wọ́n kà ti kọjá 10,000. Ní òpin oṣù náà ó ti kọjá 25,000. Apá kan rẹ̀ jẹ́ nítorí pé ènìyàn ń rìn, apá kan sì jẹ́ nítorí pé àyẹ̀wò ń pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́, kó má wo iye alárùn nìkan. Kó wo iye tó ní in nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí wọ́n yẹ̀ wò. Tí ìdá yẹn bá ń lọ sókè, àrùn ló ń tàn. Tó bá dúró lójú kan tí iye àwọn tí wọ́n kà ń pọ̀, ojú tí à ń fi wá a ló ń là sí i. Lẹ́yìn náà, NCDC àti NIMR, ilé ìwádìí ìṣègùn ìjọba àpapọ̀, gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn láti ilé dé ilé ní ìpínlẹ̀ mẹ́rin láti mọ ẹni tó ti ní àrùn náà rí. Èsì tó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2021 ní ènìyàn bíi ẹyọ kan nínú márùn-ún ní Èkó ló ti ní in. Ó túmọ̀ sí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù, nígbà tí àwọn tó wà nínú àkọsílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà lákòókò ìwádìí yẹn kò tó 30,000. Púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ní in. Orílẹ̀-èdè tí ìdajì ènìyàn rẹ̀ kò tíì pé ọmọ ogún ọdún ni wá, èyí sì wà lára ohun tó dín ikú kù.

Kí ẹni tó bá ń fi èyí sọ pé kò sí àrùn rántí oṣù Kìíní ọdún 2021. Lẹ́yìn ayẹyẹ Kérésìmesì àti ọdún tuntun, NCDC ń ka ohun tó lé ní 1,500 alárùn lójúmọ́ nígbà mìíràn, àwọn ìdílé sì ń sáré kiri nítorí ọ́síjìn. Ìjọba kò tún ti ìlú pa mọ́. Wọn kò jẹ́ dán an wò. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà rògbòdìyàn EndSARS, àwọn ènìyàn ti já ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ púpọ̀, wọ́n bá àpò ìrẹsì àti páálí Indomie tí CACOVID, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tó kó owó jọ nítorí kòrónà, fi ránṣẹ́ fún ìrànwọ́. Ẹgbẹ́ àwọn gómìnà ní àwọn ìpínlẹ̀ kan fi díẹ̀ pamọ́ de ìgbì kejì àrùn ni. Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ebi pa ní oṣù Kẹrin, tó rí oúnjẹ yẹn ní oṣù Kẹwàá, ta ló máa tún ní kó lọ jókòó sílé?

Abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ dé sí Àbújá ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2021, ó sún mọ́ mílíọ̀nù mẹ́rin. Òfin má-rìn-lóru láti aago 12 sí aago 4 ṣì wà nínú ìwé títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó fagi lé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ pé ó ṣì wà, torí òde àríyá ti ń mọ́jú l'Ékòó tipẹ́.